Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jẹ́ Kó Rọra Sáré

Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá ti tan kọ̀ǹpútà tó fi ń gbá géèmù, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó ń mú un sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ lọ.

"Wọn ò mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, nínú ooru Parakou, kọ̀ǹpútà náà gbóná jù, ó sì kú pátápátá. Dííìsì tó kó géèmù sí bàjẹ́.

Bàbá wa ní, "Mo sọ fún ọ! Tà á, kí o wá jókòó ti aṣọ tí à ń tà ní ọjà Arzèkè."

"Ẹ má bínú, Bàbá. N kò tà á."

Ó fi dííìsì tuntun sí i, ó so fáànù ńlá mọ́ ọn, ó sì tún gbogbo rẹ̀ tò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà tún tàn, Bàbá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Níṣojú Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi tún mú kí kọ̀ǹpútà náà sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.