Ààrò Búrẹ́dì Tí Bàbá Mi Wá Lọ sí Jámánì

Ní Sátidé tó kọjá, aládùúgbò wa kan ní Longbridge dáná igi sínú ààrò kékeré kan tó rà sẹ́yìn ilé rẹ̀. Píìsà ni wọ́n fẹ́ yan. Èéfín náà gba orí ọgbà kọjá wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, ara mi kò sì balẹ̀ mọ́. Mo wọlé, mo jáde, mo ṣí fíríìjì, mo tún pa á dé láìmú nǹkan kan. Ọmọbìnrin mi ní, "Mummy, you okay?" Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo pa fún un. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èéfín igi máa ń ṣe fún mi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Gúúsù Barking là ń gbé, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà A13 kì í ti í dákẹ́, bàbá mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Castle Green. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró ti ẹ̀rọ kan, kó máa wò ó bóyá búrẹ́dì ń jáde bó ṣe yẹ. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan ìyẹ̀fun. Bẹ́ẹ̀, ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀ ti ń yan búrẹ́dì nínú ààrò amọ̀ tó ga ju ènìyàn lọ, ẹmu ni wọ́n sì fi ń mú ìyẹ̀fun wú nígbà náà, kí yíìsì inú agolo tó dé. Bàbá mi máa ń sọ pé òórùn búrẹ́dì náà a máa dá àwọn awakọ̀ akẹ́rù dúró lójú ọ̀nà, àwọn tí kò tiẹ̀ gbèrò láti jẹun.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yẹn, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá wọn ti kú. Kí lẹ́tà náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti sin ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bàbá mi ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó ká a, ó fi sórí fíríìjì, ó sì lọ gbá ẹ̀yìnkùlé. Kò sunkún. Nígbà tí wòlíì àti àwọn ìyá ìjọ wá bá a kẹ́dùn, kò jókòó tì wọ́n. Ó ń yípo yàrá, ó ń da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú kọ́ọ̀bù tó ti kún, títí ó fi dà sórí sùtànà funfun ìyá kan. Láti ọjọ́ yẹn, n kò rí i lórí àga mọ́ nílé wa. Ẹ̀gbẹ́ síǹkì ló ti ń jẹun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sẹ́nu ọ̀nà, kí òun lè máa dúró.

Bàbá arúgbó ará Jámánì kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló sọ fún bàbá mi pé ní agbègbè àwọn, àwọn kan ṣì ń fi ọwọ́ ṣe oúnjẹ bí àwọn òbí wọn ti ṣe é. Ó kọ orúkọ abúlé mẹ́rin sára àpò ìyẹ̀fun tó ti ṣófo. Nígbà tí ilé ìwé wa gba ìsinmi, bàbá mi náà gba ìsinmi, ó kó èmi àti ìyá mi sínú ọkọ̀, a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dover. Ó ní a fẹ́ lọ wo àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe oúnjẹ, kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ìyá mi kó gààrí, sàdíìnì àti kẹ́tùlù sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí kò gbà pé ènìyàn lè rí oúnjẹ gidi jẹ níbi tí à ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé torí oúnjẹ là ṣe ń lọ. Òun náà ló di máàpù mú, ẹni tí kò ka máàpù rí láyé rẹ̀.

Abúlé àkọ́kọ́ ni ti tọkọtaya kan tó ń fi mílíìkì ewúrẹ́ ṣe wàrà. Wọ́n to wàrà sórí pákó nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó tutù, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi omi iyọ̀ nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n gé e fún wa. Ìyá mi jẹ ẹ́, ó rọra sọ fún mi pé wàrà Fúlàní ni, àfi pé tiwọn ti gbó. Bàbá mi bi ọkùnrin náà léèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní ìyá òun ni, ó sì nawọ́ sí àwòrán obìnrin kan lára ògiri. Bàbá mi gbé èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ tan ọkọ̀.

Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fi èéfín mú ẹran gbẹ. Itan ẹlẹ́dẹ̀ kún inú ihò èéfín ilé rẹ̀, wọ́n dúdú bí èédú, wọ́n sì ń dán. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. A dìde. Ní ti ìyá olóyin tó wà lórí òkè, ẹnu rẹ̀ kò tíì pa mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tí bàbá mi fi dé ẹnu géètì. Oyin tí ó fún wa ló wà lórí tábìlì rẹ̀ dòní.

Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta. Bàbá mi wa ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá mi ká máàpù, ó sì jókòó lé e.

Ó ní, "Dádì, bí ẹ ò bá sọ ohun tí à ń wá fún mi, èmi àti ọmọ mi á wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé láti ìlú tó kàn."

Ọwọ́ bàbá mi wà lórí ìdarí ọkọ̀. Ó ní òun kò mọ̀.

N kò mọ ohun tó ki mí láyà. Mo sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Dádì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ ìyá wọn lẹ máa ń dìde."

Mo ti ń retí ìgbátí. Kò gbá mi. Lẹ́yìn náà, ìyá mi gbé ọwọ́ lé bàbá mi lẹ́yìn ọrùn, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó fa máàpù yọ lábẹ́ ara rẹ̀, ó ní abúlé kan ṣoṣo ló kù.

Ààrò ni wọ́n ní ní abúlé yẹn. Ó dá dúró láàárín àwọn ilé, òun náà dà bí ilé kékeré, gbogbo ará abúlé ló ni ín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń dáná sí i. Ọjọ́ tí a débẹ̀ ni ọjọ́ ìdáná. Ìyá arúgbó kan tó wé gèlè sórí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò, ló ń fi ìgbálẹ̀ ewé tútù gbá ẹyin iná jáde. Ó ti bá àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ èdè náà díẹ̀. Bí èéfín igi yẹn ṣe dé imú bàbá mi, ó dúró gbagidi.

Ó bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ, bó ti ń bi gbogbo wọn. Ìyá arúgbó náà ní ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun. Ìyá òun kú nígbà tí òun kéré, búrẹ́dì tí òun bàjẹ́ ló kọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ bàbá mi, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ta ló kọ́ ẹ?"

Bàbá mi ní, "Ìyá mi ni. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà kò kí i kú ọ̀fọ̀, kò sọ pé kó jókòó. Ó so épírọ́ọ̀nù mọ́ ọn nídìí, ó sì ti ọpọ́n ìyẹ̀fun dúdú kan síwájú rẹ̀, èyí tó fi ìwúkàrà kíkan mú wú. Bàbá mi bọ́ bàtà, ó fọ ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Ó ń gbé e sókè, ó ń là á mọ́ pákó, ó ń ká a, ó tún ń là á. N kò mọ̀ pé bàbá mi ní apá báyẹn. Níbi tó ti ń là á ni ẹkún ti bọ́. Ó sunkún bí ọmọdé, ó ń pe oríkì ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Ìyá mi fẹ́ sáré lọ bá a. Ìyá arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mi orí.

Búrẹ́dì náà wọ́ lápá kan, ìdí rẹ̀ jóná díẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó jẹ ẹ́ títí ó fi tán, ó sùn lọ níbẹ̀ nínú oòrùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la lò sí i ní abúlé yẹn, bí ó bá sì ti lajú, oorun ló tún ń lọ sùn.

Ẹ má rò pé ó di oníbúrẹ́dì ńlá lẹ́yìn náà. Ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ ló padà sí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ikú ìyá rẹ̀ pé ọdún kan, ó yan búrẹ́dì dúdú kíkan náà fún ìjọ. Wọ́n jẹ ẹ́ tìtorí ojú, mo sì rí ìyá kan tó rọra fi tirẹ̀ sínú báàgì. Bàbá mi rí i, ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ti kú báyìí. Wọ́n ti wó ilé iṣẹ́ yẹn, n kò sì lè júwe ọ̀nà abúlé náà fún yín mọ́.

Kò sí ẹni tó ń dúró de lẹ́tà mọ́. Lóṣù tó lọ, bàbá ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa kú ní Èkìtì, kò sì rí àyè lọ. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú náà nílé rẹ̀ ní Becontree Heath, ó rí pósí, ó rí ihò, ó gbọ́ gbogbo orin. Ojú rẹ̀ rí i tán, ọwọ́ rẹ̀ kò kan erùpẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú pálọ̀, àwọn ènìyàn sì ń sọ fún un pé, "Sister, ẹ jókòó, abeg." N kò bá wọn sọ ọ́. Mo wọ kíṣìnì rẹ̀, mo rẹ ẹ̀wà kóńgò kan sómi, mo pè é pé kó wá bá mi bó o. Ó bó o títí omi fi kún fún èèpo. Nígbà tó ku ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì, ó sì ké pe bàbá rẹ̀.