Fèrè Kan, Ìdúró Kan

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni àbúrò ìyàwó Akíni-má-sùú máa gbà kó tó fi ọkọ̀ yanrìn rẹ̀ fa ti Akíni-má-sùú tó bàjẹ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Owó epo nìkan nìyẹn o. Ti àna kò ní kó dín in kù.

Iṣẹ́ fíríìjì títúnṣe ni Akíni-má-sùú ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Rán an ní iyọ̀, ọbẹ̀ á jinná tán kó tó dé. Ó ṣì ń bi ẹnìkan léèrè ẹsẹ̀ tó ń ro ó lọ́dún tó kọjá. Bó bá wà nínú ọkọ̀, fèrè ló fi ń kí èèyàn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló wà lápò rẹ̀: mẹ́rin fún àna, mẹ́fà fún mẹkáníìkì tí kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì bí owó kò bá pé.

Àna so okùn mọ́ ìkọ́ ọkọ̀ méjèèjì, ó fi aṣọ pupa kọ́ àárín rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ gbọ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ẹ má yọ ọ́, kí sítíárìn má baà há. Ẹ yọ ọkọ̀ kúrò nínú gíà. Bíréèkì á le bí òkúta torí ẹ́ńjìnnì ti kú, ẹ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí okùn dẹ̀. Fèrè kan, mo dúró nìyẹn. Bí ẹ bá dá mi dúró lásán, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?"

"Rárá o. Ọlọ́pàá kì í kéde kó tó gbà."

Wọ́n gbéra jẹ́jẹ́. Ní oríta, télọ̀ kan juwọ́ sí wọn. Ọwọ́ Akíni-má-sùú kò dúró gbàṣẹ: píìn! Ọkọ̀ yanrìn dúró. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni Akíni-má-sùú fi gun bíréèkì kó má baà wọnú ẹrù yanrìn.

"Kí ló dé?"

"Télọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta!"

Láti ibẹ̀, ó kọjá onígbàjámọ̀, ó kọjá oníbúrẹ́dì, ó ń wo òkè bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Ètè ń yún un.

Àfi bí wọ́n ṣe yà sí àdúgbò kan tí ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú ilé, tó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá yìí ló bí awakọ̀ yanrìn náà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta níye, ìbínú ìyá ìyàwó kò níye. Píìn!

Àna bẹ́ sílẹ̀. "Ó ti di ẹgbẹ̀rún kan, bùọ̀dá!"

"Ẹgbẹ̀rún kan kí ni?" Ìyá dìde.

"Ẹ kú ìjókòó, Màámi," ni Akíni-má-sùú wí. "Owó kíkí ni. Ti télọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Tiyín náà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi tí mo bí ẹ? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré? Iye kan náà pẹ̀lú télọ̀?"

"Màámi, torí ewu ojú ọ̀nà ni..."

"Pa ẹnu dé! Mo ti fagi lé tèmi. Ti télọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, Akíni-má-sùú ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lé àna lọ́wọ́.

"Ti télọ̀ ńkọ́?"

"Bí mo bá san án, owó mẹkáníìkì ò ní pé mọ́. Ìwọ náà ni wàá tún fà mí padà sílé, ọ̀nà kan náà la ó sì gbà."

Àna ro ọ̀nà náà, ó ro iwájú ilé ìyá rẹ̀. Ó tú okùn, ó ká a, ó gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Gbèsè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti télọ̀ ṣì wà nílẹ̀.