Ọjọ́ Mẹ́ta Lẹ́nu Iṣẹ́, Ọjọ́ Méjì Lọ́dọ̀ Ọmọ

Bí ẹnikẹ́ni bá pe ọkùnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó má dáhùn. Eléyín ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Kì í ṣe pé eyín tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ; eyín ló ń ṣe fún àwọn tí kò ní mọ́. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín, níbi tí ẹfun ti máa ń kun ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ibẹ̀ ló ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlá, tó ń fi ìda mọ erìgì, tó ń to eyín sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ń yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé títí yóò fi jọ èyí tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbìn. Ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu wọlé, tó bá fi máa jáde, ohun tó máa pa á lẹ́rìn-ín ni yóò máa wá kiri. Eléyín mọ iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì ńlá inú ìlú. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Obìnrin ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́rin. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí wọ́n sọ fún un tí kì í ní èsì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rìnlá, òun ni wọ́n ń pè ní Jagunlabí, torí pé àti bàtà, àti ṣíbí, àti ìrọ̀rí, kò sí èyí tí kì í bá jà. Màmá Aránṣọ, obìnrin àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn, ló ń tọ́jú àwọn ọmọ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí Eléyín bá fi máa dé, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti wẹ̀, oorun ti ń kùn wọ́n. Ohun tó kù fún un kò ju kó fọwọ́ pa wọ́n lórí lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Lọ́yà ń fò lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na apá méjèèjì kó gbà á mọ́ra. Ọmọ náà dìde, ó bú sẹ́kún, ó sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó yà fún òpó. Ìsàlẹ̀ ló lọ tààrà, ilẹ̀kùn Màmá Aránṣọ ló ń gbá. Eléyín ṣì na apá sílẹ̀ níbi tó wà, bí ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù tí wọn kò gbá sí i.

Nígbà tí Màmá Aránṣọ gbé ọmọ náà gòkè wá, tó ti fi òwú di orúnkún rẹ̀, ó rí ojú bàbá, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Má jẹ́ kó dùn ọ́," ó ní. "Ẹni tí ọmọdé ń rí ló mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ náà."

Ní ọjọ́ kejì, tí Eléyín àti ìyàwó rẹ̀ jókòó ti òkìtì aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn, ó ní, "Ìyá wọn, mo fẹ́ dín iṣẹ́ mi kù."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?"

"Kò rẹ̀ mí."

"Àbí wọ́n fẹ́ lé ọ?"

"Ta ló máa lé mi? Ta ló wá máa to eyín fún wọn?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Tóò, nígbà tí ẹnu ẹ ṣì rí báyìí, ara ẹ le nìyẹn. Kí ló dé gan-an?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn fún un. Ìyàwó rẹ̀ ká ṣòkòtò kékeré kan, ó tú u, ó tún un ká. Ó ní òun náà ti rò ó rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà bọ́ọ̀sì kò ṣeé pín. "Bí mo bá pa ọkọ̀ tì ní agbedeméjì, tí mo ní mò ń lọ gbé ọmọ, àwọn èrò á jẹ mí ní tútù. Tìẹ ló ṣeé ṣe. Owó oṣù máa dín o."

"Ó máa dín. A ó máa ṣọ́wó ná. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní dúró dè mí ní ọmọ ọdún mẹ́rin."

"Lọ bá ọ̀gá ẹ nígbà yẹn. Má bẹ̀bẹ̀ o. Sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe."

Ọ̀gá rẹ̀ ni dókítà obìnrin tó ni ilé ìwòsàn náà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ ọ, ó ronú díẹ̀, ó bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ ẹ. Eléyín ní kí òun máa wá lójoojúmọ́, kí òun sì máa lọ ní aago kan ọ̀sán. Dókítà gbà. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní ọgbọ́n wà níbẹ̀: ìdajì fún iṣẹ́, ìdajì fún ọmọ. Eléyín náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹfun kò rò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá da ẹfun sínú ẹ̀dà ẹnu èèyàn, ó di dandan kó gbẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìda ní àkókò tirẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni rọ́bà aláwọ̀ erìgì tí wọ́n ń sè nínú omi gbígbóná fún wákàtí gígùn, tí wọ́n á sì jẹ́ kó tutù jẹ́jẹ́, ìyẹn ni kò bìkítà pé aago kan ti lù. Lójoojúmọ́ ni Eléyín ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí iná, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé fún ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì. Onítọ̀hún mọṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí èèyàn méjì bá jọ ń fi iyọ̀ sí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, eyín tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wọ́ nínú ìkòkò bí ewé tí oòrùn pa. Wọ́n fi sí i lẹ́nu. Tíṣà fẹ́ dúpẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ ṣeun púpọ̀," gbogbo "ṣ" inú rẹ̀ sì di fèrè. Ojú ti gbogbo èèyàn tó wà ní yàrá náà.

Nílé ńkọ́? Eléyín jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, ó ń to pákó ìṣeré, ojú rẹ̀ sì wà lára aago ògiri. Ó ń rò ó pé omi yẹn á ti máa hó báyìí.

"Bàbá mi," Lọ́yà ní, "ẹ ò sí níbí."

"Mo wà níbí."

"Ara yín ló wà níbí. Ojú yín ti lọ."

Eléyín gbé pákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ fún iṣẹ́, iṣẹ́ kò rí i gbà. Èyí tó fẹ́ fún ọmọ, kò dé ọwọ́ ọmọ. Ó mú ẹ̀yìn ìwé àlòkù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọjọ́ bí ẹni tó ń to eyín. Ọjọ́ Ajé, kó da ẹfun, kó mọ ìda. Ìṣẹ́gun, kí aláìsàn wá fi sẹ́nu wò. Ọjọ́bọ̀, kó sè é, kó tutù, kó dán an. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ni yóò parí rẹ̀. Ọjọ́rú àti Ẹtì di ti ọmọ. Nígbà tó sọ fún Màmá Aránṣọ, obìnrin náà ní orúnkún àgbà òun, tó máa rí ọjọ́ méjì sinmi, ló yẹ kó kọ́kọ́ dúpẹ́.

Ó padà tọ Dókítà lọ.

"O tún ti dé," Dókítà ní. "Kí ni ìdajì ọjọ́ ṣe?"

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ ò jẹ̀bi. Èmi ni mo yàn án, mo sì ṣì í yàn. Iṣẹ́ wa kò ṣeé bù sí méjì. Ẹni tó bá ń gbé ẹyin sọ̀ kalẹ̀, tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ní agbedeméjì, kò ní ìdajì ẹyin, ìdọ̀tí ló ní." Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

Dókítà kà á. "Bí eyín ẹnì kan bá kán ní Ọjọ́rú ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, wọ́n mọ àtúnṣe jù mí lọ. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kó di Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí kò ní eyín láti ọdún méjì, ọjọ́ kan kò ní pa á."

Dókítà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá fọwọ́ lé ìwé náà. "Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe olórí yàrá yẹn lópin ọdún. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olórí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ fi Ẹ̀gbọ́n ṣe é."

Ó sọ ọ́ láìwo ilẹ̀, Dókítà sì gbà. Ṣùgbọ́n ó dun Eléyín, irọ́ ni ẹni tó bá ní kò dùn ún. Lọ́jọ́ náà kò wọ bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà yí tọ̀tún-tòsì, kò sì rí ibi tó ti fẹ́ pa á dà.

Ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Bàbá abiyamọ! Ṣé wàá gba ìsinmi ìbímọ náà ni?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n. Bí èyí tó wà lẹ́nu yín bá já bọ́ níbi ẹ̀rín, èmi náà ni mo máa ṣe é. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́rú."

Eyín tíṣà ló kọ́kọ́ tún ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, ó parí ní Ọjọ́bọ̀. Tíṣà fi sẹ́nu, ó mú ìwé ìròyìn tó wà lórí àga, ó sì ka odidi ojú ewé kan sókè fún gbogbo àwọn tó ń dúró de dókítà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ fèrè kankan.

Ọjọ́ tó wà nílé kò kúkú dùn bí oyin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, Jagunlabí ju ẹyin mọ́ ògiri, Lọ́yà sì ń ṣe àtúnṣe lẹ́yìn bàbá rẹ̀ bí alábòójútó: "Màmá Aránṣọ kì í ṣe é bẹ́ẹ̀." Irun ni wọ́n fi bá a jà jù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó lè to eyín méjìdínlọ́gbọ̀n sórí ìda kò yẹ kó bẹ̀rù irun ọmọ ọdún mẹ́rin. Láàárín oṣù kan, ó ti ń di í ní ìlà tó tọ́ débi pé Màmá Aránṣọ dá ọmọ náà dúró lórí àtẹ̀gùn, ó yí orí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ta ló di irun yìí?" Nígbà tó gbọ́ ẹni tó jẹ́, ó ní ó di dandan kó wá di tòun náà.

Ní ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, òun nìkan ni ọkùnrin lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá kan wò ó, ó ní, "Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Jagunlabí ń fa imú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. "Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́, mà," ló fi dáhùn.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá báyìí. Ẹtì tó lọ, ó gbé Jagunlabí sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, fóònù sì dún. Ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì ni, tó ti di olórí. Ó ní iṣẹ́ kan dé, ó le díẹ̀, ṣé kò lè yọjú fún wákàtí kan péré.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sínú omi, ẹ jẹ́ kó dúró dè mí. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ."

"Dókítà ní kí n ṣáà bi ọ́."

"Ẹ ti bi mí. Ẹ bá mi kí wọn."

Ó gbé fóònù sórí pẹpẹ, ó bu omi sórí ọmọ. Jagunlabí bú ramúramù. Lọ́yà, tó gbé táwẹ̀lì dání lẹ́nu ọ̀nà, ní omi yẹn gbóná.

Eléyín ti ìgúnpá bọ̀ ọ́. "Kò gbóná."

"Ó gbóná. Mo jẹ́rìí sí i."

Bàbá wọn wo ọmọ tó ń ké, ó wo ẹlẹ́rìí, ó sì lọ pọn omi tútù sí i.