Ọjọ́ Tí A Tún Dáná Sí Ààrò Búrẹ́dì

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ìpàdé ẹbí la wà ní ìlú Oǹdó, ní pálọ̀ Àǹtí, ẹ̀gbọ́n àgbà ọkọ mi, à ń pín iṣẹ́ ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi yóò pé ọmọ àádọ́rin ọdún. Ẹnì kan gba iyán, ẹnì kan gba ọbẹ̀, ẹnì kan ní òun yóò wá igi ìdáná. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun, nítorí èmi ni ìyàwó tó kéré jù nínú ilé náà, Àkúrẹ́ ni mo sì ti wá. Tí mo bá gbàgbé tí mo pe ilé ní "ulé" bí a ti ń pè é nílé wa, ẹ̀rín ni wọn yóò fi mí rín, torí "ulí" làwọn ń pè é. Bí ìpàdé ti fẹ́ parí, ohùn ara mi ni mo kàn gbọ́:

"Kéèkì ńkọ́? Ẹ fi kéèkì sílẹ̀ fún mi."

Àǹtí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí dáadáa.

"Ìyàwó, níbo lo ti fẹ́ rí fùláwà?"

Ìbéèrè tó yẹ kó bi mí ni. Ọdún náà le. Ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó àlìkámà wọ̀lú láti òkè òkun mọ́, fùláwà sì pòórá lọ́jà bí ẹni pé kò sí i rí. Àwọn ilé búrẹ́dì ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣu sísè làwa fi ń mu tíì láàárọ̀, nígbà tí ṣúgà bá wà rárá. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè ni mí, ní ilé-ìwé girama kan ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan tó jẹ́ pé orí pátákó ni mo ti ń ya kéèkì fún wọn. Màá fi ẹfun ya páànù, màá ya ẹyin, màá fa ọfà sí ibi tí fùláwà ti ń wọlé, àwọn ọmọ á sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn bí ìgbà tí wọ́n ń kọ ìtàn àwọn ọba ayé àtijọ́.

Mo mọ gbogbo èyí kí n tó la ẹnu mi. Màmá, ìyá ọkọ mi, ló fà á. Nígbà tó wà ní ọmọdébìnrin, ìyàwó olùkọ́ kan ní ìjọ wọn gé kéèkì fún un lọ́jọ́ kan, ìbẹ́ kan ṣoṣo. Kò sí Kérésìmesì kan tí kì í sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. "Ọ̀bẹ wọnú rẹ̀ bí ẹni ń gé ọṣẹ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, yóò sì fi ọwọ́ gé afẹ́fẹ́ kí a lè rí i. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń jẹ kéèkì níbi ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíì ni òun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣe é nítorí rẹ̀ rí.

Bí mo ti padà dé Àkúrẹ́, Ọjà Ọba ni mo gbà lọ. Obìnrin tí mo máa ń ra fùláwà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, àmọ́ àgbàdo ló kó síwájú. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń wá, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, fùláwà wo? Èmi gan-an, ó wù mí kí n tún fojú kàn án. Ẹ lọ lo ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ̀ mí lára. Ẹnìkan tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ dá oko sí Ipogun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì pọ̀ lóko náà lọ́dún yẹn débi pé ó ń bẹ̀ wá kí á wá kó. A kó o. Mo bó o, mo gé e wẹ́wẹ́, mo sá a sórí páànù òrùlé ilé ìdáná títí ó fi gbẹ, mo gbé e lọ síbi ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́, mo sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kéèkì àkọ́kọ́, inú ìkòkò irin tí mo da yanrìn sí ni mo ti yan án, lórí sítóòfù. Ó jáde, ó dúdú, ó le. Ọkọ mi bù ú jẹ. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ó dára," ó ní. "Eyín mi ni kò dára."

Mo pò ó pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè rọ̀. Ó rọ̀ lóòótọ́, ó rọ̀ débi pé ṣíbí la fi bù ú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, n kò fẹ́ rántí. Adìyẹ aládùúgbò wá wò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo di ìyẹ̀fun méjèèjì sínú àpò, mo to ẹyin sínú agbọ̀n tí mo da gàrí sí kí wọ́n má baà fọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń tún ọ̀rọ̀ kan náà rò: bí màá ṣe kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí, tí màá sọ pé kéèkì kò ṣeé ṣe.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ń gbé ní òdìkejì ilé Màmá. Bàbá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe búrẹ́dì mọ́ láti ìgbà tí fùláwà ti tán. Ààrò amọ̀ ńlá rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó rí roboto bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ojoojúmọ́ ló máa ń jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Bí mo ti ń kọjá, ó pè mí.

"Ìyàwó, ẹ kú ọ̀nà. Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. N kò mọ ohun tó dé tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìpàdé ẹbí títí dórí adìyẹ tó bá tirẹ̀ lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tú àpò náà, ó fi ìka kan ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tún fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra á.

"Ìyẹ̀fun yìí kì í dìde fúnra rẹ̀. O ní láti gbé e dìde. Ẹyin, kí o ya funfun rẹ̀ sọ́tọ̀, kí o lù ú títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹmu àárọ̀."

"Ẹmu, Bàbá?"

"Ẹmu tútù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí igi bọ̀. Òun ni àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ń mú búrẹ́dì wú kí ìwúkàrà alágolo tó dé."

Ẹ̀rù bà mí. Ìyá Ìjọ ni Màmá. Ẹmu kò kan ẹnu rẹ̀ rí láyé. Ó máa ń gbé àga rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n bá ti ń mu ún. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ti dìde, ó ti ń ṣí ẹnu ààrò. Adìyẹ kan fò jáde pẹ̀lú ariwo. Ó ti sọ inú ààrò di ilé, ẹyin méje ló wà lórí eérú níbẹ̀. Bàbá kó wọn lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Owó ilé tó ń san fún mi nìyẹn," ó ní. "Wá láàárọ̀ ọ̀la."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ Ẹtì, iná ti ń jó nínú ààrò, akèrègbè ẹmu sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo jókòó sórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu funfun ẹyin. Apá mi ro mí títí n kò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́. Èéfín gba orí àtíbàbà jáde, ó sì ràn ká àdúgbò. Mo gbé ojú sókè, mo rí obìnrin kan tó dúró pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò tíì de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́ta. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti tò dé ojú títì, bí wọ́n ti máa ń tò nígbà tí búrẹ́dì wà, tí kálukú rántí ẹni tí òun máa ń dúró tì.

Bàbá jáde sí wọn. Ojú tì í díẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Kì í ṣe búrẹ́dì. Kéèkì Ìyá Ìjọ la fẹ́ yan."

Kò sí ẹni tó kúrò lórí ìlà. Obìnrin oní-tíréè náà ní, "Ooru ààrò yẹn ńkọ́? Ṣé kó kàn ṣòfò bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó sáré wọlé, ó sì gbé ọ̀dùnkún dé. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan gbé iṣu wá, ẹlòmíì gbé ẹja tó ti fi ata àti àlùbọ́sà pa lára. Wọ́n gbé ẹ̀pà wá, wọ́n gbé àgbàdo wá. Bàbá mú pátákó ọlọ́wọ́ gígùn tó fi ń ti búrẹ́dì, ó ń fi ti oúnjẹ gbogbo àdúgbò sínú ààrò, ó ń pàṣẹ, ó ń bú àwọn tó sún mọ́ ọn jù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà gbọọrọ. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé ó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ariwo yìí ló mú Àǹtí jáde. Ó fi aṣọ dì mọ́ àyà, ó sì ti ṣe tán láti jà.

"Ìyàwó! Kí ni gbogbo èyí? Ọjọ́ ìbí ọ̀la ńkọ́?"

Lẹ́yìn náà ló gbóòórùn ẹja. Ó dúró. Mo rí i bó ṣe ń ro nǹkan lójú rẹ̀. Òróró tó wà nílé kò ní tó din àwọn tòlótòló méjèèjì tí a pa sílẹ̀, ohun tó ti ń bá a jà láti ìjẹta sì nìyẹn.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ṣé àyè ṣì wà fún tòlótòló?"

Kéèkì ló wọlé kẹ́yìn, nígbà tí ooru ààrò ti lọ sílẹ̀. Mo ti po ẹmu mọ́ ọn, ó ti wú dé etí páànù, èèpo ọsàn tí mo rin sí i sì ń ta sánsán. Bàbá na apá rẹ̀ sẹ́nu ààrò láti mọ bí ó ti gbóná tó, ó ka ení, èjì, títí dé ogún, kí ó tó gbà kí n gbé e wọlé. Ó dí ẹnu ààrò pẹ̀lú páànù. A dúró. Àǹtí dúró tì mí, n kò sì rántí ìgbà kan tí ó dúró tì mí rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Kéèkì jáde. Ó pọ́n bí ara àmù, ó wú, ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, àárín rẹ̀ sì là. Mo ń wo ibi tó là, omi sì ti ń wá sí mi lójú. Àǹtí fi orí ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ibi tó tẹ̀ sì padà dìde.

"Ó rọ̀," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó pariwo: "Ta ló ní àgbọn nílé?"

Òun fúnra rẹ̀ ló rin àgbọn náà, òun ló wọ́n ọn sórí kéèkì títí ó fi funfun tí ibi tó là kò hàn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlá Màmá kún. A gbé kéèkì síwájú rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, gbogbo àwa tó mọ ìtàn náà sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ wọlé láìdúró níbi kankan. Màmá bù ú, ó jẹ ẹ́, ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò rí bí ti ìyàwó olùkọ́," ó wí.

Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti ìjọ́sí yẹn, ìbẹ́ kan ni wọ́n fún mi. Eléyìí, èmi ni mo ni gbogbo rẹ̀." Ó tún gé òmíràn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé e sún mọ́ imú. "Ìyàwó mi, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ kan díẹ̀. Kí ni?"

Mo lè parọ́. Àlùfáà ìjọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbẹ́ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹmu ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àǹtí bo ẹnu rẹ̀. Màmá wo kéèkì, ó wò mí, ó wo Àlùfáà.

"Ṣé ó wọ inú iná?"

"Ó wọ inú iná, Mà."

"Ó ti di oúnjẹ nìyẹn." Ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó na àwo rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun sí i kí òun lè mọ̀ dájú. Ẹ̀rín gba gbogbo àgbàlá. Màmá dìde fúnra rẹ̀, ó gbé ìbẹ́ kan tó tóbi sórí àwo, ó la àárín èrò kọjá lọ síbi tí Bàbá Oníbúrẹ́dì jókòó sí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ẹtì ni Bàbá ń dáná. Kálukú ń gbé ohun tó bá ní wá, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ti àdúgbò mìíràn wá rà. Èmi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ní kéèkì náà, láìsí ẹmu, kí ọ̀gá àgbà má baà lé mi. Àǹtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí wá sí Oǹdó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ayẹyẹ yòówù, ó ní òun kò lè dá nǹkan kan ṣètò mọ́. Nígbà mìíràn, tí mo bá dé, kò ní sí ayẹyẹ kankan. Ó kàn ti bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ dè mí ni.