Igi Ìdí-Àfọ̀n àti Ọwọ́ Tí A Kò Nà

Ní àwọn ọdún tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáràdì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ni kámáràdì, akẹ́kọ̀ọ́ ni kámáràdì, kódà mo gbọ́ tí ọkùnrin kan pe ìyá ìyàwó rẹ̀ ní kámáràdì, ìyá náà sì bú u bó ti yẹ. Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní Ìfànyìn, létí ẹnubodè Nàìjíríà, mo sì wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú. Mo gba ìyípadà tí ìjọba ń kéde nígbà náà gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo wa là ń díbọ́n. Mo fẹ́ kí ọmọ tálákà kàwé, mo fẹ́ kí obìnrin lè sọ̀rọ̀ láàárín ìpàdé. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ìfura loògùn àgbà, mo sì ń lo oògùn náà tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ló rán mi létí. Wọ́n wá bá mi nílé ní oṣù tó kọjá, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbin igi yí ìsun Ìdí-Àfọ̀n ká kí omi ibẹ̀ má baà gbẹ. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè gbé ayé láìba ilẹ̀ jẹ́. Mo bi wọ́n pé irú igi wo ni, ta ló fún wọn ní irúgbìn rẹ̀, bí igi náà bá sì dàgbà, ta ni yóò gé e? Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, igi lásán ni o." Mo ní kò sí igi lásán. Àwọn ni mo ń kọ èyí fún.

Nígbà tiwa, a kò ní orúkọ tí a ń pe irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Ewé la fi ń di ẹ̀kọ, bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, ewúrẹ́ á jẹ ewé. Ògùṣọ̀ tó bá kù lára ẹyìn la fi ń dáná, eérú la fi ń ṣe ọṣẹ. Kì í ṣe pé a gbọ́n ju àwọn ará òde òní lọ. A kò ní ohun tí a lè sọ nù ni. Ṣùgbọ́n ní Ìdí-Àfọ̀n, a mọ ohun tí à ń ṣe. Omi tí ìdajì ìlú ń mu ló ń sun níbẹ̀, lábẹ́ àfọ̀n àti àpá àti àwọn ìrókò ńláńlá. Ẹnikẹ́ni kì í gé igi tútù níbẹ̀. Igi gbígbẹ tó bá wó fúnra rẹ̀ nìkan la lè ṣẹ́ lọ dáná. Kò sí ìwé òfin kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa ló sọ ọ́.

Lọ́dún kan, dẹlẹgẹ́ wa, ìyẹn ẹni tó jẹ́ ojú ìjọba láàárín wa, kéde pé ìlú gbọ́dọ̀ ní oko àgbàdo àjùmọ̀ṣe, àti pé Ìdí-Àfọ̀n ni wọn yóò ṣán fún un. Ara fu mí lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ tó dára fún àgbàdo wà nílẹ̀ gbọọrọ lójú ọ̀nà Tchaada, kò sí ẹni tó ń ro ó. Kí ló dé tó jẹ́ ibi tí ìrókò wà ni Dẹlẹgẹ́ rí? Ìyá Túndé, àgbà obìnrin tó ń ro oko nítòsí ìsun náà, wá fi ọ̀rọ̀ kún un.

"Mo rí ọkùnrin kan lánàá," ló wí. "Kì í ṣe ará ibí. Ó ń fi okùn yí ìrókò ká bí aránṣọ tó ń wọn ìdí obìnrin."

"Ṣé Dẹlẹgẹ́ wà níbẹ̀?"

"Alùpùpù rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, n kò rí i. N kò ní purọ́ mọ́ ọn."

Ìpàdé gbogbo ìlú ni yóò fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wa la mọ bí Dẹlẹgẹ́ ṣe ń ṣe é. Á dìde, á ní, "Ẹni tó bá gbà, kó nawọ́." Ẹni tí kò bá nawọ́, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn á sì ránṣẹ́ pè é sí bírò, ìyẹn ọ́fíìsì Dẹlẹgẹ́, lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, gbogbo ọwọ́ ló máa ń ròkè. Mo ronú títí, mo rí ọgbọ́n kan. Gbogbo obìnrin yóò ti ìsun dé ìpàdé tààrà, olúkúlùkù pẹ̀lú orù omi rẹ̀. Ìdí orù rí roboto, kò ṣeé gbé kalẹ̀ lásán. A ó jókòó, a ó gbé e lé itan, a ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Bí Dẹlẹgẹ́ bá ní kí a nawọ́, ọwọ́ dí. Ta ni yóò fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan ẹni tí kò fẹ́ kí omi dà? Mo sọ fún wọn pé ohunkóhun tó bá bèèrè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú ọwọ́ lára orù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn sí i. Èmi náà rò pé mo gbọ́n.

Ẹnì kan wà tí n kò fẹ́ kó gbọ́ rárá. Bàsílì ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé tó ń tẹ ìwé ní bírò Dẹlẹgẹ́. Ọmọlúàbí ni lójú, ó máa ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn alùpùpù Dẹlẹgẹ́ ló máa ń jókòó sí, wọ́n sì jọ ń jẹun. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí olùkọ́ kan fi oko àjùmọ̀ṣe ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pè é sí bírò. Bàsílì wà níbi ẹ̀fẹ̀ náà. Àwa márùn-ún mìíràn náà wà níbẹ̀, àmọ́ n kò ka ara wa mọ́ ọn. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, mo sì ti pinnu ẹni tí ikú ilé náà jẹ́. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó gbé ẹ̀fẹ̀ yẹn lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, nígbà tí àwọn ọmọ wà níta tí wọ́n ń ṣeré, Bàsílì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Ó ń làágùn.

"Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dáa, n kò ní pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ìyá kí wọ́n má gbé orù wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nawọ́."

Ó ti gbọ́ nípa orù! Lọ́kàn mi, Dẹlẹgẹ́ ló rán an wá láti tú ètò wa ká.

"Orù wo?" ni mo wí.

"Màdáámù, ẹ fetí sí mi. Ìbéèrè tó fẹ́ bi yín..."

"Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ jọ ń jẹun. Ìsinmi ti tán."

Ìsinmi kò tíì tán. Mo mú agogo, mo lù ú, àwọn ọmọ ń kùn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Bàsílì dúró díẹ̀ láàárín wọn, lẹ́yìn náà ó yí padà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, abẹ́ máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́ kún fún obìnrin. Orù wà lórí itan gbogbo wọn. Bàsílì jókòó ti Dẹlẹgẹ́ nídìí tábìlì, kò gbójú sókè. Dẹlẹgẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí àgbàdo, lẹ́yìn náà ó wo àwọn orù yẹn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa, kámáràdì mi gbogbo. Ẹni tí kò bá gbà kí a gé igi Ìdí-Àfọ̀n, kó nawọ́."

Kò sí ọwọ́ kankan tó ròkè. Ẹ̀rù bírò kò jẹ́ kí àwọn ọkùnrin nawọ́. Gbogbo obìnrin gbá orù mú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn. Ìyá Túndé nìkan ló yíjú sí mi, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n sọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé mi pàápàá. Nígbà tó yé mi tí mo nawọ́ tí mo pariwo, Dẹlẹgẹ́ ti yíjú sí akọ̀wé rẹ̀.

"Kò sí ẹni tó ta kò ó. Kọ ọ́ sílẹ̀: gbogbo ìlú gbà."

"Mo ta kò ó!" ni mo ké.

"Ẹ ti pẹ́ jù, kámáràdì olùkọ́. Ìbéèrè ti kọjá."

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo kọ́ odindi ìlú láti dákẹ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè bá àwọn obìnrin náà rìn padà sí ìsun.

Àwọn agégi dé ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìrókò ni wọ́n kọ́kọ́ wó, wọn kò tilẹ̀ ya ibi tí àgbàdo yóò wà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ojú omi, Ìyá Túndé lọ jókòó sábẹ́ àfọ̀n, ó na ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gé òun mọ́ ọn. Kò pè mí, kò pe ẹnikẹ́ni. Ará Ko-Koumolou, ìlú kan nítòsí wa, ni àwọn agégi náà, àwọn náà ní ìyá. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Àfọ̀n méjì àti àpá kan ṣẹ́kù. Ọkọ̀ ńlá kan kó àwọn gẹdú lọ sápá ẹnubodè. Mo fura sí ibi tí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n n kò rí i, n kò sì ní sọ pé mo rí i.

Wọ́n gbé iṣẹ́ Bàsílì lọ sí bírò kan ní àríwá, ibi tó jìnnà, nítorí wọ́n ní ẹnì kan rí i lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ Dẹlẹgẹ́, tí wọ́n sì ní kí n wà lára àwọn tí yóò palẹ̀ àwọn ìwé bírò rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé ìpàdé wa. Ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ni Bàsílì ti tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè náà wà níbẹ̀ bí Dẹlẹgẹ́ ṣe bi í gan-an, èsì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: gbogbo ìlú gbà. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹyẹ sọ fún mi, èmi ni mo di etí.

Kí la wá rí jẹ níbẹ̀? Igi mẹ́ta, obìnrin kan ló sì gbà wọ́n là, kì í ṣe ètò mi. Kí la pàdánù? Gbogbo ìrókò wa. Oko àgbàdo náà kò ju òjò méjì lọ tí koríko fi gbà á. Omi ṣì ń sun, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó tò kí ẹ tó pọn korobá kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbin igi yín. Mo ṣì fura sí ẹni tó fún yín ní irúgbìn, mo sì máa wá wò ó bí ẹ bá ń gbẹ́ ihò.

Ohun kan ṣẹ́kù tí mo jẹ ẹlòmíràn. Bàsílì ti fẹ̀yìn tì, Tchaada ló ń gbé báyìí. Láti ọjọ́ tó ti padà wá, ìkíni nìkan ló wà láàárín wa. Lẹ́yìn tí ẹ kúrò nílé mi, mo gun alùpùpù lọ síbẹ̀. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, mo kúnlẹ̀ bí mo ti dàgbà tó yìí, mo tọrọ àforíjì. Ó yára gbé mi dìde, ó fún mi ní àga.

"Màdáámù," ló wí, "bí mo bá tún wá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì yín lónìí, ṣé ẹ ó gbà mí gbọ́?"

N kò fẹ́ purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "Rárá, n kò ní gbà yín gbọ́ lójú ẹsẹ̀. N ó kọ́kọ́ bi yín pé ta ló rán yín."

Ó mi orí.

"Ẹ kò bi mí lọ́jọ́ náà," ló wí. "Ìyá Túndé ló rán mi. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ó ní kí n yára wá bá yín, nítorí ẹ̀yin nìkan ni àwọn obìnrin yẹn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."