Ilẹ̀kùn Bàbá Àgbà

Ní ilé wa ní Bantè, ilẹ̀kùn kan wà tí wọn kì í tì: ti yàrá bàbá bàbá mi. Òjò ìbáà rọ̀, ewúrẹ́ ìbáà wọlé, ṣíṣí ni yóò wà. Àwọn ará ilé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ti gun ẹṣin òyìnbó, kí ni yóò tún máa bẹ̀rù olè sí?

Òun ló máa ń gun ẹṣin kọmandán, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, níbi eré ìje ní Savalou. Olùkọ́ ni mí, mẹ́tìrì ni gbogbo ilé ń pè mí, mo sì ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ iléèwé títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó mi: bí bàbá ṣe kéré, bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin, bó ṣe ń gba ipò kìíní. A kì í gẹṣin ká má jùpàkọ́. Bàbá gun tirẹ̀, àwa là ń jùpàkọ́.

Èyí tí n kò sọ rí ni ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń jẹ iyán. Ó ní bí eré bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọọṣẹ́ kọmandán a tì í mọ́ ilé ìkẹ́rùsí kó má baà sanra. Ògì díẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Iṣu tuntun ti dé, ó ń gbọ́ odó níta, ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn.

"Bí mo bá kú, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

Mo ní, "Ẹ̀hẹn, bàbá." Ojú tì mí láti tún un sọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ebi ni wọ́n fi gba ipò kìíní?

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí ní kí á kọ́ ilé kékeré sórí ibojì bàbá àgbà. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ẹṣin sí i. Lọ́jọ́ ayẹyẹ ni mo tó rí ilẹ̀kùn onírin, pẹ̀lú àgádágodo.

Mo bi olórí ẹbí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò lè jẹ́ kó wà ní ṣíṣí?"

"Kí ewúrẹ́ máa yàgbẹ́ sórí ẹni ńlá bẹ́ẹ̀? Mẹ́tìrì, ìwọ tó o sọ ìtàn rẹ̀ fún wa!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú bí mi, sí ara mi ni. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún mú inú wọn dùn ti dí mi lẹ́nu. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, pé èmi ni mo jọ bàbá jù.

Lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti ń gún iyán àlejò. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.