Ẹnu Elijah Ṣì Kù

Ọkọ̀ ojú omi ni Elijah Akínsànmí ń kàn kí àìsàn tó mú un. Bàbá rẹ̀ ló gbé e wá sí Warri láti etíkun Ìlàjẹ nígbà tó ṣì kéré. Ibi tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí kò jìnnà sí ibi tó ń gbé títí di òní. Kì í ṣe ẹni tó ń rìn kiri. Ó kan ọkọ̀ fún Ìlàjẹ, ó kàn fún Ìṣẹ́kírì, ó kàn fún Ùròbò. Bí o bá sọ pé ọkọ̀ tó kàn fún ọ ń jò, kò ní bá ọ jà. Á ní kí o gbé e wá. Á wọ inú rẹ̀, á jókòó sínú omi náà, kò sì ní dìde títí yóò fi rí ihò.

Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí dráfù ló ń lọ. Ibẹ̀ la ti mọ ara wa.

Àwọn ẹlòmíràn ń ta dráfù, ẹnìkan dojú kọ ẹnìkan. Àwa kì í ta á bẹ́ẹ̀. Bàbá Elijah ní òfin kan nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó da àwọ̀n sómi, olúkúlùkù á sọ ibi tó rò pé ẹja wà. Ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ, kí ọ̀rọ̀ àgbà má baà dí i lẹ́nu. Olórí ọkọ̀ ló ń sọ kẹ́yìn. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣì kù, àwọ̀n kò ní kan omi. Elijah gbé òfin yìí wá sídìí dráfù, a sì gbà á: àwa mẹ́rin la jọ ń ta apá kan, olúkúlùkù á sì sọ ibi tó yẹ ká ta sí kí ọwọ́ tó kan ọmọ dráfù. Bọ́ládé tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Okere ló kéré jù nínú wa. Obadiah tẹ̀ lé e, aránṣọ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú. Èmi tẹ̀ lé Obadiah. Elijah ló ń sọ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan, ó ń kan ìdí ọkọ̀, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè nàró mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún kú. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀. Ẹnu ló ṣòro. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìṣó tó ti dípẹtà sínú pákó ló ń jáde.

Nígbà tó tún padà wá sídìí dráfù, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, èyí tó fi ìyókù pákó ọkọ̀ kàn fúnra rẹ̀. Gbogbo wa sọ̀rọ̀, ó ku tirẹ̀. A ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ò wá. Kò rọrùn láti wò.

Bọ́ládé ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ẹ máa jókòó tì wá, kí ẹ máa wòran. Lọ́jọ́ Sátidé, a ń lọ bá àwọn ará Enerhen ta. Àwọn yẹn ò ní dúró de…”

Kò parí rẹ̀. Elijah fi ọwọ́ òsì lu àyà.

“Mo… máa… sọ̀rọ̀.”

“Tí wọ́n bá wá fi wá ṣẹ̀sín ńkọ́?”

“Bí a ò bá… borí… mo… dìde.”

Ohun tó sọ yé wa. Bí a ò bá borí ní Enerhen, yóò fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Elijah kì í sì í yẹ àdéhùn.

Peculiar, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló sọ fún mi ohun tó ń ṣe nílé lẹ́yìn ìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gbé ọpọ́n dráfù lé orúnkún. Á fi ìka tọ́ ojú kan, á sọ ibi tó wà. Òsì. Ọ̀tún. Iwájú. Ẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá há, á tún ibẹ̀ tọ́.

Peculiar á ní, “Papa, e don do. Rest na. Your tea don cold.”

“Ó… kù.”

“You strong head pass goat!”

Á rẹ́rìn-ín, á tún fi ìka tọ́ ọpọ́n.

Sátidé pé. Bọ́ládé fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé wa lọ sí Enerhen. Elijah gbé àpótí rẹ̀ lé itan títí a fi débẹ̀. Abẹ́ igi fúrúùtù kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà ni wọ́n tẹ́ ọpọ́n sí. Onome, ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan, ló ń ta fún wọn. Òun nìkan ló ń ta. Àwọn yòókù ń pariwo.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí bí a ṣe ń ṣe é.

Onome ní, “Which kind play be this? Una dey hold meeting?”

“Na church committee!” ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Obadiah kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Committee wey go chop you dey come.”

A ń jẹ wọ́n, wọ́n ń jẹ wá. Onome mọ̀ ọ́n ta, n ò ní purọ́. Bí Elijah bá ń wá ọ̀rọ̀, wọ́n á máa súfèé. Ó ń wá a bẹ́ẹ̀, ó sì ń rí i.

Ìgbà tó yá, Onome ti ọmọ dráfù kan síwájú wa pé ká jẹ ẹ́. Ọ̀nà méjì la lè gbà jẹ ẹ́, lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún. Bí a bá ti òsì jẹ ẹ́, ọ̀nà àtidi ọba ṣí sílẹ̀ gbayawu fún wa.

Bọ́ládé ní, “Òsì.”

Obadiah ní, “Òsì.”

Èmi náà ní òsì. Ó ku Elijah.

Ó la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde. Ó pa á dé, ó tún un là. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

“Papa, abeg, before rain fall!” Onome ní. “This one wan talk reach Christmas!”

Ojú ti Bọ́ládé. Mo rí i. Ó na ọwọ́ sí ọpọ́n. Bí ọwọ́ bá sì ti kan ọmọ dráfù, ó di títa. Obadiah gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú.

“Ẹnu kan ṣì kù.”

“Bọ̀ọ̀dá, àwa mẹ́ta ti gbà!”

“Mo ní ẹnu kan ṣì kù.”

A dúró. Òógùn ń ṣàn lójú Elijah.

“Ọ̀… ọ̀tún.”

Mo ní, “Kí ló dé?” Ẹni tó bá yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Ó dijú. “Ẹ̀yìn… wa… ṣófo.”

A wo ẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Bí ọmọ apá òsì bá kúrò nípò, Onome á jẹ wá gba ibẹ̀ wọlé, òun ni yóò di ọba. Ìdẹ ló ti síwájú wa.

Obadiah ní, “Ṣùgbọ́n bí a bá ti ọ̀tún jẹ ẹ́, àárín wa á tú.”

Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá yí, ọ̀dọ̀ àbúrò la tún ń padà sí. Bọ́ládé tẹ̀ mọ́ ọpọ́n, ó họ orí.

“Ẹ dúró ná. Ká ti ọ̀tún jẹ ẹ́. Bó bá wọ àárín, ká fún un ní ọ̀kan létí ọpọ́n. Á jẹ ẹ́, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Àwa á wá jẹ méjì.”

Obadiah wò ó títí. “Ọ̀tún.”

Mo ní, “Ọ̀tún.”

Elijah mi orí.

“Orí kọ́,” Bọ́ládé ní. “Ẹnu yín la fẹ́ gbọ́, bàbá.”

“Ọ̀tún.” Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan náà ló jáde.

Bọ́ládé ta á. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Onome. Ó wọ àárín bí a ṣe rò, a fún un ní ọ̀kan, a jẹ méjì. Ṣùgbọ́n kò kú. Ó jà títí òun náà fi ní ọba. Ọba tiwa ń lé tirẹ̀, tirẹ̀ ń sá, tirẹ̀ ń lé tiwa. Nígbà tó yá, a fọwọ́ sí i pé ọ̀mì ni.

Onome na ìka sí Elijah. “Next time make una leave that papa for house. Na him spoil my market!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Elijah kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀, ó dìde. Ó fi àpótí sílẹ̀, ó kọjú sọ́nà kẹ̀kẹ́.

Obadiah ní, “Elijah, ọ̀mì kì í ṣe pé wọ́n borí wa.”

“A ò… borí.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ ìjọ́sí. Mo ní, “Bọ́ládé, ìwọ lo kéré jù. Sọ̀rọ̀.”

Bọ́ládé wò mí, ó wo àpótí náà. Ó ní, “Kí wọ́n jókòó.”

Obadiah ní, “Kó jókòó.”

Mo ní, “Kó jókòó.”

Elijah dúró. Òfin bàbá rẹ̀ ni, òun ló sì gbé e wá bá wa. Kò lè máa lọ kó fi í sílẹ̀ láìparí. Onome fẹ́ sọ̀rọ̀, Bọ́ládé na ọwọ́ sí i.

“Oga, hold am. One mouth remain.”

A dúró. Bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè lójú títì. Afẹ́fẹ́ òjò bẹ̀rẹ̀, ewé fúrúùtù ń já bọ́ sórí ọpọ́n, kò sẹ́ni tó gbá a kúrò. Ẹnu Elijah ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó súfèé.

“Mo…”

A dúró.

“Mo… jókòó.”

Ó jókòó. Onome gbá ewé kúrò lórí ọpọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọmọ dráfù.